Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ̀dá-ìtàn àti ìtàn fún eré kátúùnù akẹ́kọ̀ọ́

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù tí màá fi gbé eré kátúùnù tí mo fọwọ́ yà kalẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́. Ìtàn mai ruwa kan ní Kubwa ni, ọmọ tó ń fi ọmọlanke ta omi kiri. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fẹ́ kó gbà, èèyàn méje ló sì wà nínú ẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà láyà, ó sì lójú àánú, àmọ́ olùkọ́ mi ní kò tíì di èèyàn. Kí ni kí n ṣe?* — Akẹ́kọ̀ọ́, Gwagwalada

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò, torí ìṣirò yẹn ló máa sọ irú ìtàn tí agbára yín ká. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń lo àwòrán kan lẹ́ẹ̀mejì, kó lè jẹ́ 12 péré ni wọ́n máa yà. Ìṣẹ́jú márùn-ún, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ náà, jẹ́ àwòrán 3,600. Bí ẹ bá ń ya 15 lójúmọ́, 240 ọjọ́ nìyẹn, ẹ ò sì ní in. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ro ìtàn, ẹ fi ọ̀kan ṣe ìrísí ọmọ náà, ẹ fi mẹ́fà yàwòrán, kí èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti ohùn àti àtúnṣe. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, àwòrán 15 lójúmọ́, ó di 540, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 45. Ó tó ìtàn gidi. Ẹnì kan, ibì kan, ohun kan tó ń wá. Ẹ yọ àwọn mẹ́fà yòókù kúrò.

Ní ti "ó láyà," kò sí pẹ́ńsùlù tó lè ya ìyẹn. Ohun tó ṣeé yà ni ohun tí ọmọ náà fẹ́, ohun tó dí i lọ́nà, àti ohun tó wá ṣe sí i. Ẹ wò ó báyìí: ó fẹ́ kí omi dé ọ̀dọ̀ oníbàárà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní kíkún. Kẹ́ẹ̀gì kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń ti ọmọlanke, ihò náà sì ń béèrè ìka kan. Bó bá fi ìka dí ihò, ọmọlanke á máa yí padà sẹ́yìn. Bó bá tẹjú mọ́ ọmọlanke, omi á dànù. Ìtàn ti délẹ̀ nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Ohun tó máa fi yanjú ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà lójú ìran látìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òǹwòran á ní ẹ tan òun jẹ. Ẹ fún un ní fìlà tó fẹ́ràn. Ìṣẹ́jú-àáyá 8 àkọ́kọ́, ó ń gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára ẹ̀, ó dé e. Ẹ fi 10 fún títi ọmọlanke, 15 fún ìjàkadì pẹ̀lú ihò náà, 7 fún ìgbà tó bọ́ fìlà tó fi dí i, 5 fún ìgbà tó débẹ̀. Ìgbà tó bá wo fìlà yẹn kó tó bọ́ ọ, ẹ má kánjú níbẹ̀. Ibẹ̀ ni olùkọ́ yín ti máa rí èèyàn.

Ìwúwo ẹrù náà ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Kẹ́ẹ̀gì 10 tó gba lítà 25 lọ́kọ̀ọ̀kan, kílò 250 ni omi inú wọn. Kí táyà tó yí, orúnkún gbọ́dọ̀ tẹ̀, èjìká á lọ sílẹ̀, apá á nà gbọnrangandan, gìgísẹ̀ á kúrò nílẹ̀. Àwọn àwòrán àkọ́kọ́ tí táyà fi ń yí, ẹ ya wọ́n súnmọ́ra gan-an, kí ẹ tó máa jìnnà síra. Bó bá fẹ́ dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọmọlanke á ṣì wọ́ ọ síwájú bí ìṣísẹ̀ méjì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí àlàfo àwòrán dọ́gba látòkèdélẹ̀. Ọmọlanke á wá dà bíi páálí òfìfo.

Fún ìrísí, ẹ ya iwájú, ẹ̀gbẹ́, ìlàjì-ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn sórí ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ sì fa ìlà gba orí, èjìká, ìbàdí àti orúnkún gbogbo wọn kọjá. Láìsí ìlà yẹn, ọmọ náà á máa ga sí i láàárín eré. Láti dán ìdúró ẹ̀ wò, ẹ fi dúdú kun gbogbo ara ẹ̀ àti ọmọlanke: bí ẹ ò bá dá apá mọ̀ yàtọ̀ sí ọmọlanke, ẹ yí ìdúró ẹ̀ padà. Ẹ má fi iṣẹ́ ọnà sára fìlà, torí gbogbo ìgbà tó bá hàn lẹ máa tún un yà. Ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ìgbà ọyẹ́ máa ń pọ́n bí eruku, aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ á sì pòórá sínú ẹ̀. Búlúù á yọ dáadáa.

Kí ẹ tó ya àwòrán gidi kan, ẹ ya storyboard, ìyẹn àwòrán ṣókí tó ń to ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ, sórí ìwé kéékèèké bíi 15, ẹ fi fóònù yà wọ́n, ẹ tò wọ́n pọ̀ pẹ̀lú iye àkókò tí ìkọ̀ọ̀kan máa gbà. Ẹ fi han ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà rí, láìsí ohùn, kí ẹ bi í pé: kí ni ọmọ yìí ń wá? Bó bá ṣì í, ìwé kékeré lẹ máa fà ya. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn yíyà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ìran ìṣẹ́jú-àáyá 3 kan tí ẹ bá yọ, àwòrán 36 ló lọ, iṣẹ́ ọjọ́ méjì àti ààbọ̀.

*Yorùbá ni ẹ̀dá-ìtàn wa ń sọ, ṣùgbọ́n ètè ẹ̀ kì í bá ohùn mu. Àtẹ ẹnu (àwòrán bí ẹnu ṣe máa ń rí fún ìró kọ̀ọ̀kan) tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì la lò.* — Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, Kaduna

Fún Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú àtẹ wọ̀nyẹn. Ẹ ya ẹnu mẹ́fà tiyín: ọ̀kan jẹ́ ẹnu pípadé fún m, b, p àti gb; ọ̀kan fún a; ọ̀kan fún e, ẹ àti i; ọ̀kan fún o àti ọ; ọ̀kan fún u àti w; àti eyín lórí ètè fún f. P àti gb ló sábà máa ń bà á jẹ́, torí wọn ò sí nínú àtẹ tí ẹ lò bí a ṣe ń pè wọ́n: ètè gbọ́dọ̀ pàdé pátápátá, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ó kéré tán àwòrán 2 nínú 24 tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ jẹ́ kí ẹnu fi àwòrán kan tàbí méjì ṣáájú ohùn. Tó bá pẹ́ lẹ́yìn ohùn, ojú á tètè mú un. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ kì í yí ètè padà, ẹ fi ìpéǹpéjú àti orí gbé wọn. Kí ẹ sì gba ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó yàwòrán, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa jẹnẹrétọ̀ àti fáànù.

*Ẹ̀rọ wo la lè lò láì sanwó?* — Òǹkàwé, Jos

Krita tàbí OpenToonz fún àwòrán ọwọ́, Blender bí ẹ bá fẹ́ dà á pọ̀ mọ́ 3D. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa tọ́jú iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún nítorí iná, kí ẹ sì máa ṣe ẹ̀dà sí fláàṣì lálaalẹ́ pẹ̀lú orúkọ tuntun, kí fáìlì tó bá bàjẹ́ má bàa borí èyí tó dára.