Ẹ Béèrè Lọ́wọ́ Mọ́mì Nọ́ọ̀sì: Ṣé Òórùn Lásán Lè Mú Kí Ara Balẹ̀?

*Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági Tuntun. Láti ìgbà tí ọjà ti dẹnu kọlẹ̀ ni oorun ò ti kun ojú mi mọ́. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, àyà mi á máa lù kìkì, gbogbo gbèsè á máa wá sọ́kàn mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi ta òróró lafẹ́ńdà, òróró òdòdó olóòórùn dídùn kan, fún mi, ìgò tí ò ju àtàǹpàkò lọ, owó gọbọi. Ó ní kí n máa kán an sábẹ́ ahọ́n lálẹ́, kí n sì fi díẹ̀ pa ọmọ ọmọ mi láyà, ọmọ oṣù méjì tó ń sùn lọ́dọ̀ mi, torí òun náà kì í sùn. Ṣé òórùn ń ṣe nǹkan lára lóòótọ́, àbí owó mi ni wọ́n fẹ́ jẹ?*
*Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn*

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ìrọ́jú. Kí n tó sọ ohunkóhun: ẹ má kán an sábẹ́ ahọ́n, ẹ má sì jẹ́ kó kan ọmọ yẹn rárá. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Òórùn ń ṣe nǹkan lára, kì í sì í pẹ́ rárá. Lókè inú imú lọ́hùn-ún, níbi tí ìka ò lè dé, ni àwọn iṣan tó ń gbóòórùn wà. Oríṣi 400 ló tó lára ènìyàn. Linda Buck àti Richard Axel ní Amẹ́ríkà ló ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n sì fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2004. Ohun tí a fojú rí tàbí tí a fetí gbọ́ máa ń kọ́kọ́ ya ibùdó kan nínú ọpọlọ kó tó tàn ká. Òórùn kì í yà níbẹ̀, ibi tí ẹ̀rù àti ìrántí ń gbé ló ń lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí òórùn òjò àkọ́rọ̀ fi lè gbé yín padà sí àgbàlá bàbá yín kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ibẹ̀ náà ló máa ń ránṣẹ́ sí ibi tó ń darí ọkàn àti èémí. Ọ̀wọ́ iṣan kan wà tó ń mú ara gbaradì fún ìjà tàbí eré sísá: àyà á máa lù, àtẹ́lẹwọ́ á máa làágùn. Ọ̀wọ́ kejì ló ń dẹ ara, tó ń rọ ọkàn lọ́lẹ̀, tó ń jẹ́ kí oúnjẹ dà. Gbèsè tí ẹ ń rò lórí ibùsùn ti jẹ́ kí ara yín gbà pé ẹnì kan ń lé yín bọ̀. Òórùn tó bá bá yín lára mu lè ti ọ̀wọ́ kejì lẹ́yìn.

Ní ti lafẹ́ńdà, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ linalool. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Kagoshima ní Jàpáànù jẹ́ kí àwọn eku gbóòórùn rẹ̀. Ara àwọn eku náà balẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ò sì ta gọ́ọ́gọ̀ọ́. Àwọn tí wọ́n ti pa agbára ìgbóòórùn wọn, kò ràn wọ́n. Nígbà tí wọ́n fún àwọn eku ní oògùn tó máa ń dènà iṣẹ́ Valium (oògùn tí dókítà fi ń mú ara balẹ̀), òórùn náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó jọ pé ilẹ̀kùn tí Valium ń kàn ni òun náà ń kàn, ṣùgbọ́n imú ló gbà débẹ̀. Eku nìyẹn ṣá o. Lára ènìyàn, ó máa ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, kò tó ohun tí àwọn tó ń tà á ń pariwo.

Ohun tí èmi fúnra mi gbà gbọ́, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni mo ti kọ́ ọ. Àwọn obìnrin tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ máa ń mú aṣọ kan wá láti ilé, ti ìyá wọn tàbí ti ọkọ wọn. Wọ́n á fi bo imú. Èmi á di ọrùn ọwọ́ wọn mú, màá máa wo aago, màá sì máa gbọ́ bí ọkàn tó ń sáré ṣe ń rọlẹ̀ lábẹ́ ìka mi. Kò sí lafẹ́ńdà nínú aṣọ yẹn. Ọṣẹ, èéfín ààrò àti òógùn ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ló wà níbẹ̀. Òórùn tí ara ti mọ̀ mọ́ ìsinmi ló lágbára jù.

Nítorí náà, ẹ kọ́ ara yín. Ẹ mú òórùn kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ níbòmíràn àyàfi lórí ibùsùn. Ẹ má gbé ìgò yẹn lọ sí Gbági, kí ara má baà mọ̀ ọ́n mọ́ ariwo oníbàárà. Ẹ kán ẹ̀kán méjì sórí áńkáṣíìfù, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ fa èémí sínú bí ẹni ń ka ení dé ẹẹ́rin, ẹ tú u jáde dé ẹẹ́fà. Mímí díẹ̀díẹ̀ nìkan ti ń dẹ ọkàn, ẹ jẹ́ kí òórùn bá a rìn. Bí ìgò náà bá tán, ẹ má ra òmíràn bí owó ò bá sí. Koríko ọba wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé n'Íbàdàn. Ẹ já ewé méjì, ẹ rọra ṣe torí etí rẹ̀ máa ń ya ọwọ́, ẹ rún un títí ọwọ́ yín á fi tutù, ẹ gbé e sí imú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ohun inú ìgò lọ.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi lafẹ́ńdà para, ẹ lú u mọ́ òróró àgbọn: ẹ̀kán 12 sí ṣíbí ìjẹun ńlá méjì. Ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ inú ìgúnpá wò.

Ó wá ku ọmọ. Àwọn òróró yìí lágbára ju ewé tí wọ́n ti fún wọn jáde lọ fíìfíì. Ṣíbí kékeré kan òróró eucalyptus tí ọmọdé bá gbé mì lè fa gìrì. Ohun tó ní menthol (tó máa ń tutù lára) tàbí káńfọ̀, tí a bá fi pa imú ìkókó, lè sé e léèémí. Nígbà tí mo sì ti dé orí káńfọ̀: ẹ̀yin ìyá àti ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó bọ́ọ̀lù funfun tí a ń pè ní káńfọ̀, tí a fi ń lé kòkòrò, sáàárín aṣọ ìkókó. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọkùnrin, ò ní G6PD tó, ìyẹn ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Èéfín bọ́ọ̀lù yẹn máa ń fọ́ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibà pọ́njú á dé, ó sì lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ títí ayé. Pé ọmọ oṣù méjì ń jí lóru kò túmọ̀ sí pé ó ń ṣàìsàn, ikùn rẹ̀ kéré, ọmú ló sábà máa ń wá.

Àyà tó ń lù kìkì yẹn, ẹ má fi òórùn nìkan wò ó. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ní ìbùdó ìlera tó bá súnmọ́ yín. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí èémí ń sé, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Ẹ dákun, obì tí ẹ̀yin ará ọjà fi ń lé àárẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ máa jẹ ẹ́ láàárọ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, oorun ń sá fún un.

*Mà, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àgbówó. Mo ń kán òróró peppermint sínú omi gbígbóná kí n lè sùn, ṣùgbọ́n ṣe ni ojú mi ń dá sí i.*

Ọmọ mi, menthol inú rẹ̀ ló ń jí iṣan tó ń mọ òtútù nínú imú, òun ló ń la ojú ẹ. Máa lò ó tóo bá ń kàwé lọ́sàn-án. Bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá bá ní ikọ́ fée, má lò ó níbẹ̀ rárá.