Ẹ Bi Màmá Léèrè Iyọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbò ni ìyá ọkọ mi, wọ́n sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà ogun Biafra. Bí mo bá ti gbé ọbẹ̀ kaná, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí wọ́n jẹ nígbà náà. Ẹgbẹ́ òṣèré wa n'Íbàdàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn gan-an ṣeré, láìfi àròsọ kún un. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ká dáná lórí ìtàgé?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ má bi màmá pé "Báwo ni ogun ṣe rí?" Èsì tí wọ́n ti ń fún gbogbo èèyàn ni wọ́n á fún yín. Ìkòkò ni kí ẹ bi wọ́n. Kí ni wọ́n fi dáná? Ta ló ń bu oúnjẹ, ta ló ń jẹ kẹ́yìn? Nígbà tí iyọ̀ tán ńkọ́?

Ẹ dúró lórí iyọ̀ yẹn dáadáa. Ìjọba àpapọ̀ ti dí ọ̀nà ilẹ̀ àti ti òkun mọ́ Biafra. Nígbà tí Port Harcourt bọ́ lọ́wọ́ Biafra ní oṣù karùn-ún 1968, ó tún wá le sí i. Oúnjẹ tí àwọn ìjọ ń fi bàálù kó wá láti erékùṣù São Tomé, òru ló ń balẹ̀ ní Uli nínú Biafra, lórí títì tí wọ́n sọ di pápákọ̀ òfurufú. Okporoko wà nínú ẹrù náà, ẹja líle láti Norway tí kì í bàjẹ́ láìsí fìríìjì. Bí màmá bá ṣi ọdún kan pè, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí òṣèré mìíràn sọ ọdún tó jẹ́.

Ẹ gbohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ wọn. Ẹ lè gé ọ̀rọ̀, ẹ lè tò ó, ẹ má ṣáà fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ yọ, ẹ yọ ọ́, kódà bó jẹ́ ibẹ̀ ló dùn jù (ibẹ̀ náà ni yóò sì jẹ́).

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ohùn. Bí àwa Yorùbá bá ń ṣe Ìgbò nínú eré, a máa ń lọ́ ahọ́n, èrò á sì bú sẹ́rìn-ín. Fi ohùn yẹn sọ ikú ọmọdé, ó di àwàdà. Kí òṣèré yín fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́. Kí màmá fúnra wọn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe okporoko.

Ti iná: ẹ dá a, sítóòfù kan péré, kí yanrìn wà nítòsí. Àmọ́ ẹ má pín oúnjẹ fún èrò o! Mo ṣe é nínú eré kan tí mo darí rí. Kò pẹ́ tó fi di òde àríyá, ẹnì kan tilẹ̀ ní ẹran òun dà. Ẹ jẹ́ kí òórùn rẹ̀ kàn wọ́n lára. Kí òṣèré tọ́ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ wò, kó má sọ nǹkan kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ogun Ìgbò kò kan òṣèré Yorùbá, ẹ rán an létí Ogunde. Eré Bread and Bullet tó ṣe ní 1950 dá lórí àwọn awakùsà èédú tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní 1949.

Màmá ni kó kọ́kọ́ wò ó, kí èrò tó dé. Ẹ gbé àga wọn síwájú pátápátá, ẹ má sì pe oníròyìn kankan lọ́jọ́ náà.