Ẹ̀rọ géèmù mi ń gbóná, iná sì ń ba ohun inú rẹ̀ jẹ́: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹlẹ́rọ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ń gbé ní Abuja, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ń ṣe. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí mo jẹun tán, bọ́ọ̀lù orí PS4 ni ìgbádùn mi, èmi àti àbúrò ìyàwó mi la jọ máa ń ta á. PS4 Slim ni, ó ti tó ọdún márùn-ún lọ́wọ́ mi. Láti oṣù Kejì ni fáànù inú rẹ̀ ti ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, bí a bá sì ta á tó ìdajì wákàtí, yóò kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé òun ti gbóná jù, yóò sì pa ara rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ nígbà tí a wà lẹ́nu eré. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ náà ń yẹ inú ara rẹ̀ wò títí, ibi tí mo bá eré kan dé sì ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ìyàwó mi ní kí n lo stabilizer fìríìjì wa, ọ̀rẹ́ mi ní kí n ta á, kí n ra PS5. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìbéèrè, ọ̀gá mi. Ẹ má tíì ta ẹ̀rọ náà. Ohun tí ẹ ṣàlàyé kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo, méjì ni, wọ́n kàn jọ wọlé sí ẹ̀rọ kan náà ni: ooru ló ń mú un pa ara rẹ̀, àìdúró iná ló sì ba ohun tí ẹ tọ́jú sínú rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá fi egbòogi ọ̀kan wo èkejì yóò ná owó, àìsàn náà yóò sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ PS4 tí wọ́n ń gbé wá bá mi láti Kubwa, Nyanya àti Lugbe ni àwọn tó ni wọ́n ti gbà pé ó ti gbó, nígbà tó jẹ́ pé eruku àti iná ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ooru ṣáájú. Ẹyọ kan wà nínú PS4 tó ń ṣe gbogbo ìṣirò àti àwòrán tí ẹ ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n, kò sì tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí eré bá ti le ni ẹyọ yìí ń gbóná sí i. Irin tí wọ́n tò bí eyín ìyarun ni wọ́n gbé lé e láti gba ooru náà, fáànù ni yóò sì gbé ooru ọ̀hún síta. Láàárín ẹyọ yìí àti irin náà ni ìpara kan wà, èyí tí à ń pè ní thermal paste, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dí àlàfo tí ojú kò lè rí, kí ooru lè kọjá geerege. Fáànù yín kò bàjẹ́ o. Ariwo tó ń pa ni ẹ̀rí pé ó ń sa gbogbo agbára rẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí atẹ́gùn yóò gbà kọjá ti dí.

Ẹ wo oṣù tí ó bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì ni ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa, eruku náà sì kúnná débi pé fèrèsé tí a tì pa kò dá a dúró. Bí ọyẹ́ bá sì ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ooru ń wọlé dé. Ìwé tí àwọn tó ṣe PS4 fi sínú páálí rẹ̀ sọ pé inú yàrá tí ooru rẹ̀ wà láàárín ìwọ̀n Celsius 5 sí 35 ni kí a ti máa lò ó. Ní Abuja níhìn-ín, ọ̀sán oṣù Kẹta sábà máa ń kọjá 35, Kano àti Sokoto sì ń dé 40 nígbà tó bá di oṣù Kẹrin. Ìtumọ̀ èyí ni pé ní àkókò yìí gan-an, ẹ̀rọ tó mọ́ tónítóní pàápàá ń ṣiṣẹ́ ní ẹnu ààlà ohun tí wọ́n ṣe é fún, áńbọ̀sìbọ́sí èyí tí eruku ọdún márùn-ún ti dí nímú.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ni mo tú irú tiyín kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé wá láti Gwarinpa. Nígbà tí mo yọ fáànù kúrò, eruku tó wà lẹ́nu irin náà ti dì pọ̀ bí òwú inú tìmùtìmù, odindi ni mo sì fi ẹ̀mú ká a kúrò, ó pupa ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó dúdú ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹyin aáyán mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ power supply, ìyẹn apá tó ń gba iná ògiri wọlé fún ẹ̀rọ, nítorí pé aáyán fẹ́ràn ibi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ tó sì ṣókùnkùn. Ìpara tí mo ní kó máa gbé ooru kọjá ti gbẹ, mo fi ìka kàn án, ó sì rún bí ẹfun. A nù ún, a fi tuntun sí i, a sì gbé géèmù bọ́ọ̀lù sí i fún wákàtí méjì gbáko. Fáànù náà dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọkùnrin náà fi gbé etí lé ẹ̀rọ láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà ní títàn. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe fún tiyín nìyí.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, kí ẹ sì sọ fún un ní tààrà pé kó gbá eruku inú irin náà, kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ ìta nìkan, àti pé kó pààrọ̀ thermal paste. Bí ẹ bá lè jókòó tì í, ẹ jókòó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó lọ fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ ẹ, bí mo ti ń rí i tí àwọn kan ń ṣe. Omi máa ń bá afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ yẹn jáde, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ó lè yí fáànù ní ìyíkuyìí kó sì bà á jẹ́. Blower kékeré tàbí búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ló dára, kí a sì fi ìka di fáànù mú nígbà tí a bá ń fẹ́ ẹ. Ní agbègbè wa níhìn-ín, ìgbà kan lọ́dún ni mo máa ń dábàá pé kí a gbá eruku rẹ̀, ìparí oṣù Kejì ló sì yẹ, lẹ́yìn tí ọyẹ́ ti lọ tí ooru kò tíì gbilẹ̀. Ìpara náà lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta.

Ibi tí ẹ gbé e sí náà ṣe pàtàkì. Bí ó bá wà nínú àpótí tẹlifíṣọ̀n tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì, ooru tó ń tú jáde ni yóò tún máa fà sínú. Ẹ gbé e sórí pákó tó le, kí àyè bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá wà láàárín òun àti ògiri, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, aṣọ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ọnà sí ni wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ nítorí eruku, èrò yẹn sì dára, àmọ́ ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti kú tí ó sì ti tutù ni kí a tó bò ó, kí a sì ká a kúrò pátápátá kí a tó tàn án.

Ó wá ku ti iná, òun ló sì ń dùn mí jù, nítorí a lè gbá eruku kúrò, ṣùgbọ́n eré tí ènìyàn fi oṣù mẹ́fà ta dé ibi kan, bí ó bá ti bàjẹ́, ó ti lọ. Nínú PS4 yín, hard disk ni ohun gbogbo wà, ìyẹn àwo kékeré tó ń yí bíríbírí, tí ọwọ́ tín-ín-rín kan sì ń kọ nǹkan sí i. Bí géèmù bá ti ń tọ́jú ibi tí ẹ dé, ẹ máa ń rí àmì kékeré kan tó ń yí ní igun ojú tẹlifíṣọ̀n. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú yẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ọwọ́ náà kọ, ẹ̀rọ kò sì ní lè ka ìdajì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ inú ara rẹ̀ wò nígbà tí iná dé.

Ìyàwó yín rò ó re, ṣùgbọ́n stabilizer fìríìjì kò lè gba yín nínú èyí. Iná tó rẹlẹ̀ ni stabilizer ń gbé sókè, iná tó rẹlẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kan PS4, nítorí power supply inú rẹ̀ lè gba láti fóltì 100 títí dé 240. Ohun tó ń ṣe é níbi ni iná tó lọ lójijì, èyí tí stabilizer kò ní bátìrì láti fi dí, àti iná tó dé pẹ̀lú agbára òjijì, èyí tí stabilizer sábà máa ń pẹ́ jù láti mú. Èyí tó burú jùlọ ni ìgbà tí wáyà neutral, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà, bá já lórí òpó àdúgbò, tí fóltì inú ilé kan yóò sì fò sókè gan-an, ó lè sún mọ́ 400. Mo ti rí ilé tí tẹlifíṣọ̀n, fìríìjì àti ẹ̀rọ géèmù jọ jó lọ́jọ́ kan ṣoṣo nítorí èyí.

Ohun méjì ni kí ẹ rà. Èkíní ni ẹ̀rọ ìdáàbòbò kékeré tí à ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, èyí tó máa ń gé iná bí ó bá ga jù, tí kì í sì í tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí iná bá dé, títí yóò fi rí i pé ó ti dúró. Èkejì ni UPS, ìyẹn àpótí tó ní bátìrì nínú, tó ń gbé ẹ̀rọ ró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ. PS4 Slim kì í gbà ju wáàtì 165 lọ, bí ẹ bá sì ń ta géèmù, ó sábà máa ń wà lábẹ́ 100. Tí a bá fi tẹlifíṣọ̀n inṣì 43 kún un, UPS tó jẹ́ 650VA (VA ni wọ́n fi ń wọn agbára UPS) lè gbé méjèèjì. Kì í ṣe kí ẹ lè parí eré ni ẹ ṣe ń rà á o, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò fún yín. Ẹ fi ìṣẹ́jú náà tọ́jú eré yín, kí ẹ sì pa ẹ̀rọ bó ti yẹ. Ooru ń pa bátìrì UPS pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má ṣe gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Bí ẹ bá ti ní ínfátà tó dára nílé, tí kì í ṣe irú olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn iná tó ń lọ geere bíi ti ara ògiri, a jẹ́ pé ẹ kò nílò UPS. Ẹ má ṣe kì í bọ jẹnẹrétọ̀ kékeré ní tààrà, nítorí fóltì rẹ̀ ń lọ sókè sódò nígbàkígbà tí pọ́ńpù omi tàbí áyọ́ọ̀nù bá dákẹ́.

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ fi sílẹ̀, ìyẹn Rest Mode. Bí iná ara ẹ̀rọ bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn, kò tíì kú, ó kàn sùn ni, bí iná bá sì lọ nígbà tó ń sùn, bí ìgbà tí a já a gbà lójú eré ni. Ẹ yan Turn Off PS4, kí ẹ dúró títí iná ara rẹ̀ yóò fi kú pátápátá, kí ẹ tó yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Ní ti àyẹ̀wò inú hard disk, ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín lálẹ́ òní nìyí. Ẹ kọ́kọ́ ki flash bọ ẹ̀rọ, kí ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Application Saved Data Management, kí ẹ sì da gbogbo eré tí ẹ ti tọ́jú sórí flash náà. Ẹ wá pa ẹ̀rọ, ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń tàn án, kí ẹ má sì gbé ìka kúrò títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀kejì, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá méje sí ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ fi wáyà so pádì mọ́ ọn, kí ẹ tẹ bọ́tìnì PS, kí ẹ sì yan ìkarùn-ún, Rebuild Database. Kì í pa géèmù tàbí eré yín rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan ìkẹfà àti ìkeje, nítorí àwọn yẹn ń nu ohun gbogbo kúrò. Bí ó bá ṣì ń yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn èyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé hard disk ló ń kú lọ. Ó ṣeé yọ, a sì lè fi SSD rọ́pò rẹ̀, èyí tí kò ní àwo tó ń yí, ìyàtọ̀ rẹ̀ yóò sì hàn sí yín nígbà tí eré bá ń ṣí.

PS5 dára, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2020 tó ti jáde ni mo ti ń tún un ṣe. Ṣùgbọ́n iná tó ń gbà ju ti Slim yín lọ dáadáa, ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ wà lára bọ́ọ̀dù gan-an, kò ṣeé yọ bí ti PS4, irin olómi ni wọ́n sì fi sí ipò ìpara tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá tú u, tí irin náà sì ṣàn sára bọ́ọ̀dù, ó lè jó o. Bí ẹ bá gbé e wọ inú yàrá kan náà, pẹ̀lú àpótí kan náà àti iná kan náà, ohun tó ṣe PS4 ni yóò ṣe é, owó tó bá a lọ yóò sì pọ̀ jù. Ẹ ṣe ìtọ́jú PS4 yìí, ẹ ra ẹ̀rọ ìdáàbòbò àti UPS náà ní báyìí, nítorí bí ẹ bá wá ra PS5 lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀rọ ìdáàbòbò yẹn ṣì máa wúlò fún un, àmọ́ UPS tó tóbi ju 650VA lọ ni kí ẹ wá nígbà náà.