Ṣé kọnkéré ṣọ́ọ̀bù mi l'Óṣogbo lè gba lift ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ẹ̀rọ olópòó méjì tó ń gbé ọkọ̀ sókè?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kọnkéré ti wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín l'Òkè-Fìà. Ẹ kọ́kọ́ fi dírílì lu ihò kékeré kan kẹ́ ẹ wo bó ṣe nípọn tó, ọ̀pọ̀ lift ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló ń fẹ́ ínǹṣì 4 ó kéré tán, àmọ́ ohun tí ìwé tó bá a wá bá sọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Èyí tí bíríkìlà kàn fi sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ sórí yẹ̀pẹ̀ yẹn, ẹ má dán an wò rárá o, torí tí ọkọ̀ bá ti wà lókè, ṣe ni bóòtù ìdí òpó á máa fà sókè, á wú kọnkéré yẹn bí ẹni wú ẹ̀gẹ́. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ lẹ ní, ẹ gé ojú ibẹ̀, ẹ da kọnkéré tuntun, ẹ máa bomi rin ín, kẹ́ ẹ fún un ní ọjọ́ 28 kẹ́ ẹ tó lu bóòtù. Ẹ má lù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán. Òrùlé ńkọ́? Kó ga tó bí ẹsẹ̀ bàtà 12, pàápàá tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì lẹ máa ń tún ṣe. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá iná three phase (oníwáyà iná mẹ́ta) ni lift náà ń lò, torí single phase (oníwáyà iná kan) ló pọ̀ jù ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wa.