Èsì: ṣé olóṣèlú ńlá tó bá ti ẹnìkan lẹ́yìn lè yí ìbò abẹ́lé padà?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé bí olóṣèlú ńlá bá jáde pé lágbájá lòun ń ṣe, ṣé ó lè yí ìbò abẹ́lé padà àbí ariwo lásán ni. Ó lè yí i dáadáa! Ẹ wo ti Dẹmọkírátì l'Amẹ́ríkà ní 2020, Biden ṣe ipò kẹrin ní Iowa, ó ṣe ìkarùn-ún ní New Hampshire, àwọn ọmọlẹ́yìn Sanders tó ń bá a du tíkẹ́ẹ̀tì ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi bí Jim Clyburn, aṣòfin aláwọ̀ dúdú ńlá kan, ṣe jáde ní South Carolina tó ní Biden lòun máa dìbò fún. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ̀ ni Biden fẹ̀yìn gbogbo wọn janlẹ̀ níbẹ̀, Buttigieg àti Klobuchar tí wọ́n jọ ń du ipò náà bá sọ̀kalẹ̀ fún un, nígbà tó fi máa di Super Tuesday, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń dìbò abẹ́lé lẹ́ẹ̀kan náà, ìpínlẹ̀ 10 nínú 14 ló kó.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ mọ Clyburn, wọ́n fọkàn tán an, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Torí Al Gore, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, náà ti Howard Dean tó ń du tíkẹ́ẹ̀tì Dẹmọkírátì lẹ́yìn ní 2003, síbẹ̀ ipò kẹta ni Dean ṣe ní Iowa.