Ẹ tú ọ̀rá oògùn ìyá yín kí ẹ tó kọ́ wọn ní mindfulness

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ ní ẹni ọdún 74 ni wọ́n, Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé, oorun ti dá lójú wọn, àyà wọn ń já láìnídìí, wọ́n ń gbàgbé ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí, dókítà sì ní kí ẹ lọ kọ́ wọn ní mindfulness, ìyẹn kí èèyàn fi ọkàn sí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ẹ wá béèrè pé ìṣẹ́jú mélòó lójúmọ́, ṣé iyè wọn á sì padà. Màá dáhùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rá oògùn ló ń dùn mí jù, torí ẹni tó gba nọ́ńbà láago mẹ́fà àárọ̀, tó wá rí dókítà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bi í nípa rẹ̀.

Ẹ kó gbogbo oògùn ilé sórí tábìlì: ti ilé ìwòsàn, ti kẹ́míìsì, èyí tí aládùúgbò fún wọn, àti àgbo. Ẹ wá Piriton níbẹ̀, oògùn kátá àti ara yíyún. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń fi í wá oorun, torí kò wọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìwé dókítà kó tó tà á. Ẹ wá amitriptyline, tí wọ́n máa ń kọ fún ẹsẹ̀ tó ń ta àti àìsùn. Àwọn méjèèjì ń dí acetylcholine lọ́nà, ìyẹn èròjà tí ọpọlọ fi ń fi nǹkan pa mọ́. Lára ọ̀dọ́, oorun lásán ni. Lára arúgbó, ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ á le, ìtọ̀ á ṣòroó tọ̀, èèyàn á máa béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Níbi tí ẹ bá ti rí ẹnu gbígbẹ pẹ̀lú ìgbàgbé, oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ tún wá Valium àti Lexotan, àwọn oògùn tó ń mú ara rọ̀, tó sì ń mú oorun wá. Valium kì í tètè kúrò lára arúgbó. Inú ọ̀rá ara ló ń sá pamọ́ sí, torí náà èyí tí wọ́n lò lálẹ́ ọjọ́ Ajé ṣì wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, tuntun á sì gùn ún. Ibẹ̀ ni ìṣubú ti ń wá, ibẹ̀ ni egungun ìbàdí ti ń ṣẹ́, ará ilé á ní ayé ló ń bá wọn jà. Síbẹ̀, ẹ má já a gbà lọ́wọ́ wọn lójijì o! Ẹni tó ti ń lò ó fún oṣù mélòó kan, tó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, àìsùn á padà ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọwọ́ á máa gbọ̀n, gìrì pàápàá lè gbé e. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in, dókítà ló sì gbọ́dọ̀ ṣètò bí wọ́n á ṣe dín in.

Ẹ gbé ọ̀rá oògùn náà lọ, ẹ dà á síwájú dókítà. Tó bá ní ọjọ́ ogbó ni, ẹ bi í bóyá ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún táírọ́ọ̀dì (ẹ̀yà ara kan ní ọrùn), fítámì B12, ṣúgà àti iyọ̀ ara. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó máa ń mú ni tọ̀ lè fa iyọ̀ ara wálẹ̀ títí orí á fi dàrú. Ọjọ́ ogbó kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ìbàdàn yín yẹn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àrùn ìgbàgbé ní 1992, àwọn àti àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2001, iye àgbà Ìbàdàn tí Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé kan, ń mú lọ́dún kò tó ìdajì ti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Ẹ sì ní ibi ìtọ́jú arúgbó lọ́tọ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ìyẹn Chief Tony Anenih Geriatric Centre. Ẹ gbé wọn lọ síbẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kí n tó gbàgbé: tí orí wọn bá dàrú láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan sí méjì, ìyẹn kì í ṣe arán, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ mindfulness. Kòkòrò inú ìtọ̀, ibà, àìmu omi tó, ṣúgà tó já wálẹ̀, èyíkéyìí lè fà á. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ó dáa. Mindfulness ni kí ọkàn wà níbi tí ara wà. Ètò tí Jon Kabat-Zinn dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Massachusetts ní 1979 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 8, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 45 nílé lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú 45 yẹn ni wọ́n á tẹ̀ sórí pépà fún yín. Ẹ má fi da ara yín láàmú.

Àga tó ní ẹ̀yìn àti apá ni kí wọ́n jókòó sí, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹní. Ìdùbúlẹ̀ rọrùn, dídìde ni wàhálà, pàápàá fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn ò nílò láti di ojú. Ẹ má sì ní kí wọ́n máa mí kanlẹ̀ léraléra: carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ jù, òòyì á kọ́ wọn, ìka á máa ta wọ́n bí abẹ́rẹ́, àyà á tún já sí i. Kí wọ́n kàn máa kíyè sí èémí bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde. Tí wọ́n bá ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, kí wọ́n fi èémí sílẹ̀, kí wọ́n kíyè sí àtẹ́lẹsẹ̀.

Èyí tó dára jù fún àwọn ìyá wa ni ẹ̀wà ṣíṣà. Ẹ bu ife kan sínú àtẹ, ẹ gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀. Kí wọ́n ṣà á bí wọ́n ṣe ń ṣà á láti kékeré, àmọ́ ní pẹ̀lẹ́: kí ìka mọ bí èyí tó gbó ṣe ń dán, ihò tóńtó tí kòkòrò dá sí èyí tó kù, bí òkúta ṣe tutù jù ú lọ, kí etí gbọ́ bó ṣe ń ró nínú abọ́. Ọkàn á sá lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí kò pè, á sá lọ sídìí owó iná. Kí wọ́n sọ jẹ́ẹ́ pé "àníyàn dé", kí wọ́n padà sórí ẹ̀wà tó wà láàárín ìka. Ìpadà yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń pa á tì rò pé orí gbọ́dọ̀ ṣófo ni.

Tí wọ́n bá ní ṣé ẹ fẹ́ sọ wọ́n di ẹlẹ́sìn míì ni, ẹ má jiyàn. Tẹ̀sùbáà wà, orin ìjọ wà. Kí wọ́n ṣe é díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Fídíò òyìnbó tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ò wúlò fún wọn. Ohùn òkè ni etí arúgbó kọ́kọ́ ń pàdánù, torí náà kí ẹni tó ní ohùn ìsàlẹ̀ nínú yín ka ìlànà náà ní Yorùbá sórí WhatsApp. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n yọ ìdọ̀tí etí wọn nílé ìwòsàn.

Nípa iyè: kò sí ẹ̀rí pé mindfulness ń wo àrùn ìgbàgbé tàbí pé ó ń dènà rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń ronú owó iná nígbà tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kò gbàgbé nǹkan kan, kò kíyè sí i ni. Ibẹ̀ ló ti lè ràn wọ́n lọ́wọ́.

Tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ti wọ̀ wọ́n lára gan-an, ìjókòó jẹ́ẹ́ lè jẹ́ kí wọ́n máa ro ìròkurò sí i. Rírìn yípo àgbàlá àti gbígbá ilẹ̀ ló sàn. Tí wọ́n bá ń sọ pé ikú ò tiẹ̀ wá mú wọn, ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ arúgbó. Ẹ bi wọ́n ní tààrà bóyá wọ́n ń ronú láti pa ara wọn. Ìbéèrè kì í fi èrò yẹn sí ni lórí. Ẹ ti oògùn àti májèlé kòkòrò mọ́ àpótí, kí ẹ sì gbé wọn lọ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn.

Ìṣẹ́jú mélòó: 3 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lọ́sẹ̀ kìíní, 5 lọ́sẹ̀ kejì. Tó bá dé 10, ó tó. Lẹ́yìn tíì àárọ̀ ni. Lẹ́yìn àmàlà ọ̀sán, wọ́n á sùn. Ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn tí iyè wọn ń ra kì í fara balẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Kí ẹni tó wà nílé jókòó ṣe é pẹ̀lú wọn. Tó bá jẹ́ pé ó kàn gbé àtẹ lé wọn lẹ́sẹ̀, tó sì lọ ń tẹ fóònù, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹ̀wà á ti wà lórí iná láìṣà.