Ṣé Ẹkún Mi Ń Dé Ọ̀dọ̀ Ọmọ Inú Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ kú iṣẹ́. Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún. Àbúrò mi obìnrin kú lóṣù tó kọjá, ẹkún ni mo sì fi ń sùn láti ọjọ́ náà. Ìyá ọkọ mi ní kí n yé sunkún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni èmi àti ọmọ ń lò, pé ìbànújẹ́ mi á wọ̀ ọ́ lára. Ṣé òótọ́ ni, mà? — Aboyún tó ń ṣọ̀fọ̀

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú ara fẹ́ra kù.

Ẹ̀jẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ mú. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá wa gbé ibi ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sínú àwo, ó ní ká fọwọ́ kàn án. Ó tó nǹkan bí ìdajì kílò. Ojú tó kọ sí ìyá pupa bí ẹ̀dọ̀. Ojú tó kọ sí ọmọ ń dán, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ta lórí rẹ̀ bí gbòǹgbò igi. Ó bi wá pé ta ló ni ín. Gbogbo wa ní ìyá ni. Ó rẹ́rìn-ín: èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọmọ ló hù ú. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń ṣàn nínú iṣan tirẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá ń ṣàn yí i ká lóde, awọ fẹ́lẹ́ ló là wọ́n láàárín. Wọn kì í dàpọ̀. Atẹ́gùn àti ṣúgà ń gba ara awọ yẹn kọjá. Ọtí àti èròjà inú sìgá náà ń kọjá, àwọn yẹn kì í tilẹ̀ kan ìlẹ̀kùn.

Ìbànújẹ́ kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Họ́mónù ló ń gbé e. Bí ọkàn bá dàrú, cortisol, ìyẹn họ́mónù ìdààmú, á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ibi ọmọ ní ẹ́ńsáìmù kan tó ń gba agbára lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Nítorí náà, sunkún àbúrò rẹ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ò ń jẹun, bóyá ò ń rí oorun sùn. Ìdààmú tó le tí kò sì dáwọ́ dúró lè wà lára ohun tó ń mú kí ọmọ tètè dé tàbí kó kéré. Bí o kò bá rí oúnjẹ jẹ tàbí oorun sùn, sọ fún agbẹ̀bí tó ń tọ́jú rẹ lọ́sẹ̀ yìí, má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Ohun tí ìyá ọkọ rẹ kò mẹ́nu bà ni pé ọmọ náà ń sọ̀rọ̀. Òun gan-an ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀! Kí nǹkan oṣù rẹ tó yẹ̀, ó ti fi họ́mónù tí à ń pè ní hCG ránṣẹ́ sí ojú ibi tí ẹyin ti já nínú rẹ, pé kó má dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kó máa pèsè progesterone tó ń di ilé ọmọ mú. Ìlà méjì tí o rí nígbà tí o fi ìtọ̀ yẹ oyún wò, iṣẹ́ tó rán yẹn lo kà.

Bí oṣù kẹfà bá ti wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn. Lọ́dún 1980, àwọn olùṣèwádìí méjì, DeCasper àti Fifer, ní Amẹ́ríkà fi ọmú rọ́bà sẹ́nu àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta láyé. Àwọn ọmọ náà ń yí bí wọ́n ṣe ń mu ún padà kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ìyá wọn dípò ti obìnrin mìíràn. Bó bá wù ọ́, máa sọ ti àbúrò rẹ fún un.